Èékánná Mi àti Táńkì Bàbá Katy

Ẹ wo èékánná àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún mi. Mo máa ń jẹ́ kó gùn díẹ̀ ju ìyókù lọ, ìyàwó mi sì ti fi í ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Ó ní ọkùnrin wo ló ń dá èékánná sí bí ọmọge. Mo máa ń dá a lóhùn pé èékánná yìí ló ń bọ́ ọ, òun ló rán àwọn ọmọ ẹ níléèwé, torí náà kó máa kí i dáadáa. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí ní mọ́ṣáláṣí pé iṣẹ́ ọwọ́ wo lẹ lè kọ́ tí ẹ ò fi ní máa jókòó ti kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́, ìtàn èékánná yìí ni mo fẹ́ sọ fún yín. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, mi ò ní ẹnì kankan tí mo ń bẹ̀rù. Mo mọ iṣẹ́ mi, mo mọ̀ ọ́n dójú àmì, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ láti Pearland títí dé Katy, ní gbogbo agbègbè Houston. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ béèrè.

Iṣẹ́ tí mo ṣe ni àtúnṣe gáàsì inú ọkọ̀-ilé. Ọkọ̀-ilé ni mọ́tò gàgàrà tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́ ilé sínú rẹ̀: bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, fíríìjì wà níbẹ̀, ilé ìwẹ̀ náà ò gbẹ́yìn. Tí ọkùnrin bá ti fẹ̀yìn tì, á gbé ìyàwó rẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n á máa rìn kiri bí ẹni tí kò nílé. Gáàsì ló ń dáná sítóòfù yẹn, òun náà ló ń mú fíríìjì tutù, inú táńkì irin kan tí wọ́n so mọ́ abẹ́ ọkọ̀ ni gáàsì ọ̀hún sì wà. Abẹ́ ọkọ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Houston ò jìnnà sókun, atẹ́gùn ibẹ̀ ní iyọ̀, òjò rẹ̀ kì í pẹ́ dé, ooru rẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí omi sẹ̀ sára irin láàárọ̀. Irin tí omi àti iyọ̀ bá jọ ń bá gbé, kò sí bí kò ṣe ní dógùn-ún.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni mo dé, ilé Bàbá Katy ni mo sì kọ́kọ́ dé sí. Kì í ṣe orúkọ wọn nìyẹn o. Katy ni wọ́n kọ́lé sí nígbà tí pápá ṣì pọ̀ ju ilé lọ níbẹ̀, la ṣe ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ìwé ni wọ́n bá wá sí Amẹ́ríkà, wọ́n di ẹnjiníà, wọ́n sì di àgbà fún gbogbo wa ní mọ́ṣáláṣí. Oṣù méje gbáko ni mo fi jẹ oúnjẹ Alhaja, ìyàwó wọn, wọn ò sì jẹ́ kí n fọ abọ́ kan ṣoṣo. Bàbá Katy náà ni wọ́n mú mi lọ bá Ọ̀gá Tìámíyù ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Stafford. Wọ́n ní, "Tìámíyù, ọmọ mi nìyí, kọ́ ọ níṣẹ́." Bí mo ṣe ríṣẹ́ nìyẹn. Owó tí wọ́n ń san kì í ṣe ohun tí à ń ròyìn, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ọ̀gá Tìámíyù ò ga ju èjìká mi lọ, àmọ́ tí wọ́n bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, àwa ọkùnrin mẹ́rin tó wà níbẹ̀ á di ọmọlúàbí lójijì. Jórinjórin ni wọ́n ní Mushin kí wọ́n tó wá. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo rò pé wọ́n á gbé búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà fún mi. Àga ni wọ́n gbé fún mi. Wọ́n gbé páànù kan síwájú mi tó kún fún àfọ́kù táńkì, gbogbo wọn pupa fún ìpẹtà, wọ́n ní kí n di ojú mi.

"Fi èékánná wọ́ ọ," ni wọ́n wí. "Sọ èyí tó kàn pàwọ̀ dà fún mi, kó o sọ èyí tó ti jẹ wọnú."

"Ọ̀gá, ṣé mi ò lè lajú wò ó ni?"

"Ṣebí ojú ẹ yẹn náà ló sọ fún ẹ pé owó wà nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ṣó o ti rí i he?"

Mo dijú. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wọ́ èékánná lórí irin. Tí mo bá ṣi ẹyọ kan, Ọ̀gá á da gbogbo rẹ̀ padà sínú páànù, a ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Inú ń bí mi, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Mo ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, mo ní ìwé ẹ̀rí láti ilé, mo wá jókòó tí mo ń fi ọwọ́ tá irin bí afọ́jú. Àmọ́ nígbà tó yá, èékánná mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Tí mo bá ti wọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo ti mọ̀.

Ìpẹtà méjì ló wà, ẹ̀yin ọmọ. Ọ̀kan wà lójú irin lásán. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, ẹ fi sáńpépà ra á, ẹ nù ún kó gbẹ, ẹ kun ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà, kẹ́ ẹ wá kun funfun lé e. Táńkì yẹn á tún lo ọdún púpọ̀. Èkejì ti jẹ kòtò sínú irin, tí èékánná bá débẹ̀, á há. Ìyẹn ò lóògùn. Wọn kì í jó o pọ̀, wọn kì í dí i, wọn kì í kùn ún. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Ọ̀gá ní fún un: "Kò ṣe é gbé rìn." Tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó parí, táńkì tuntun ló kù, ẹni tó lọkọ̀ sì lè bínú títí dọ̀la. Abẹ́ bẹ́líìtì irin méjì tó so táńkì mọ́ ọkọ̀ ni irú ìpẹtà bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn jù, torí pé ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ àti omi máa ń sá pamọ́ sí. Òfin Ọ̀gá ni pé kí a tú bẹ́líìtì méjèèjì kí ẹnikẹ́ni tó gbé búrọ́ọ̀ṣì.

Lọ́dún kejì, mo fẹ́ gbọ́n ju ọ̀gá mi lọ. Mo ra búrọ́ọ̀ṣì tó ń fi iná mànàmáná yí, kí iṣẹ́ lè yá. Mo gbé e ti táńkì, ó ń ké, iná ń ta pàrà lára irin, mo ń gbádùn ara mi. Ọ̀gá rìn wá láti ẹ̀yìn, wọ́n fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri.

"Lásísì, gáàsì wà nínú ẹ̀, o wá ń fi iná fá irùngbọ̀n fún un?"

Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn gba búrọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Ọdún mẹ́fà ló fi wà níbẹ̀. Gbogbo oníbàárà tó bá wọlé ló ń béèrè pé ta ni Lásísì.

Ohun tí mo nífẹ̀ẹ́ jù lára Ọ̀gá ni pé wọn kì í bẹ̀rù oníbàárà. Òyìnbó kan tó dé àkẹtẹ̀ ńlá ní kí wọ́n kun táńkì òun ní dúdú kó lè bá ọkọ̀ mu. Ọ̀gá ní rárá, dúdú máa ń fa oòrùn mọ́ra, gáàsì á gbóná, á máa wú nínú rẹ̀. Òyìnbó fárígá. Ọ̀gá mú un jáde síta lọ́sàn-án gangan, wọ́n ní kó fọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò dúdú kan. Ó fọwọ́ lé e, ó yọ ọ́ kíá, ó ní àwọ̀ funfun náà dára púpọ̀.

Lọ́dún kẹrin mi, Ọ̀gá lọ sí Mẹ́kà. Níwájú àwọn yòókù ni wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́. Orí mi wú. Mo rò pé mo ti di ọ̀gá, àṣé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ọ̀gá ò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́hùn-ún tí Bàbá Katy fi wa ọkọ̀-ilé kan wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Túsìdeè. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n ti rà á.

"Lásísì ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà? Ìpẹtà díẹ̀ wà lára táńkì yìí. Bá mi kùn ún kó funfun nini. Thursday la máa gbéra lọ sí Dallas, graduation Sádíà ni Saturday."

Sádíà ni àbíkẹ́yìn wọn. Mo bá wọn yọ̀, mo sì wọ abẹ́ ọkọ̀. Ìpẹtà ojú lásán ló pọ̀ jù. Mo tú bẹ́líìtì àkọ́kọ́, mo fi èékánná wọ́ abẹ́ rẹ̀. Ó há. Mo wọ́ ọ síwájú díẹ̀, ó tún há. Kòtò mẹ́ta ló tò tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀. Mo dáwọ́ dúró. Ọjọ́ mẹ́jọ ni táńkì tuntun máa fi dé tí a bá béèrè fún un lọ́jọ́ náà, Bàbá Katy sì ti wà níta tí wọ́n ń tẹ̀ ba láti wo ojú mi.

"Ṣé kò sí problem?"

"Bàbá, ó dà bíi pé..."

"Ó dà bíi kí ni? Lásísì, lọ́jọ́ tó o dé, ta ló wá gbé ẹ ní airport? Ilé ta lo sùn? Mi ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ rí. Just paint it. Àwọn tó fẹ́ fẹ́ Sádíà máa wá kí wa ní Dallas, mi ò fẹ́ kí wọ́n bá ìpẹtà lábẹ́ ọkọ̀ mi."

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Houston, bóyá ni ọ̀rọ̀ yìí á yé yín. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ kì í wo ojú ẹni tó fún un ní ibi orí sùn kó ní rárá. Gbólóhùn Ọ̀gá wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì.

Mo ní, "Kò burú, sà."

Mo ha ìpẹtà tó ṣe é ha, mo kun ọ̀dà sínú kòtò, mo so bẹ́líìtì padà lé e, mo sì kun funfun lé gbogbo rẹ̀. Mo da omi ọṣẹ sí i lára bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi, kó lè hó tí gáàsì bá ń yọ. Kò hó. Mo fi ìyẹn tu ara mi nínú. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ohun tí mo sì ṣe gan-an nìyẹn. Táńkì náà dán, Bàbá Katy gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n lọ.

Nígbà tó di Sunday tí wọ́n ní wọ́n ti dé, mo ní kí n lọ kí wọn káàbọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an ni pé kí n dọ́gbọ́n sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí n pààrọ̀ táńkì náà. Mo dé Katy lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ọkọ̀-ilé náà wà níwájú ilé, Bàbá wà nínú ilé lórí ẹní ìkírun, Alhaja sì wà nínú ọkọ̀, wọ́n ń palẹ̀ ẹrù mọ́.

"Lásísì, wọlé, o káre. Má dá òórùn yìí lóhùn o. Irú tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti Ìlọrin ló ba gbogbo ọkọ̀ jẹ́. Láti ọ̀nà Dallas ni Bàbá ẹ ti ń bá mi fa wàhálà, wọ́n ní irú mi ti bàjẹ́. Friday ni mo kó gbogbo ẹ̀ dà sí garbage, irú tó dáa bẹ́ẹ̀! Wá wò ó, ó ṣì ń rùn. Jókòó, jẹ́ kí n fún ẹ ní tíì."

Ẹ gbọ́ ohun kan kí n tó tẹ̀ síwájú. Gáàsì fúnra rẹ̀ ò ní òórùn. Àwọn tó ń tà á ló ń fi òórùn burúkú sínú rẹ̀ kó lè máa kìlọ̀ fúnni tó bá ń jò. Òyìnbó tó bá gbọ́ òórùn yẹn nínú ilé, ìta ló máa bá ara rẹ̀. Yorùbá tó bá gbọ́ ọ, á béèrè pé ta ló ń se ọbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni Bàbá àti Alhaja fi wà nínú òórùn ikú, tí wọ́n ń jà nítorí irú. Alhaja ti mú ìṣáná lọ́wọ́.

Mi ò rántí pé mo ronú. Mo gbá ọwọ́ wọn mú, ìṣáná já bọ́.

"Ẹ jáde! Ẹ jáde, mà!"

"Lásísì! Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

Mo gbé wọn. Mo gbé ìyá tó tó bí mi lọ́mọ sí èjìká bí àpò gàrí, mo sì sáré. Wọ́n ń lù mí lẹ́yìn, gèlè wọn bọ́ sílẹ̀. A ò tíì ré kọjá koríko ilé kejì tí fíríìjì ọkọ̀ náà fi ṣáná fúnra rẹ̀, torí fíríìjì ọkọ̀-ilé kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó tan iná ara rẹ̀. Ó dún gbòà. Gbogbo fèrèsé fọ́ jáde, ooru gbá mi lọ́rùn, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní. Kí àwọn panápaná tó dé, iná ti jó ọkọ̀ náà dé egungun. Bàbá Katy dúró lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n kàn ń wí pé, "Àlùhámúdù lílàhì, àlùhámúdù lílàhì."

Ìbá sàn kí wọ́n bú mi. Ìyìn ni wọ́n fi pa mí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́mọ́ọ̀mù ní kí n dìde dúró, gbogbo mọ́ṣáláṣí ṣe àmín lé mi lórí. Wọ́n ní Lásísì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Alhaja gbé kúlà oúnjẹ méjì wá sí ìyẹ̀wù mi, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní ọmọ tí àwọn bọ́ lóṣù méje ni Ọlọ́run fi gba àwọn là. Mo ń sọ pé ẹ ṣeun, mà. Ẹ̀rí ọkàn mi ń jẹ mí bí ìpẹtà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù sọ pé táńkì ọkọ̀ àlòkù ni, ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, mo sì dákẹ́.

Ọ̀gá dé láti Mẹ́kà pẹ̀lú dàbínù àti omi Sámúsámù. Àwọn èèyàn ṣì ń kí wọn ní "ẹ kú àbọ̀ hájì" nígbà tí wọ́n béèrè ibi tí táńkì náà wà. Wọ́n ti gbé egungun ọkọ̀ náà wá sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa. Ọ̀gá kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, wọ́n tú bẹ́líìtì àkọ́kọ́, wọ́n nu èéfín kúrò, wọ́n na àtàǹpàkò wọn.

"Ọ̀gá, ẹ má wulẹ̀ fọwọ́ kàn án," ni mo wí. "Èékánná mi ti há síbẹ̀ kí n tó kùn ún."

Wọn ò wojú mi. Wọ́n fi èékánná tiwọn síbẹ̀ náà, ó há.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan, sà."

"Kì í ṣe èmi ló fẹ́ẹ̀ jóná."

Wọ́n gbé mi sínú mọ́tò, a sì gba fíríwéè lọ sí Katy. Ibi tí ọkọ̀ náà ti jó ṣì dúdú níwájú ilé. Ibẹ̀ ni mo dọ̀bálẹ̀ sí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá àti Alhaja, kòtò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀dà, bẹ́líìtì, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Mi ò fẹ́ kí temi pé oṣù kan.

Bàbá Katy ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Dìde, Lásísì. Lọ́jọ́ yẹn, mo rí ọwọ́ ẹ nígbà tó dúró. Engineer ni mí, mo mọ ohun tí ọwọ́ tó bá dúró bẹ́ẹ̀ ń sọ. Mi ò kàn fẹ́ gbọ́ ọ ni. Mo fi oúnjẹ tó o jẹ dí ẹ lẹ́nu."

Mo yíjú sí Alhaja. Wọ́n ti dìde.

"Mo dáná fún ẹ fún oṣù méje," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọlé.

Láti ọjọ́ náà, Alhaja ò dáhùn ìkíni mi mọ́. Ní mọ́ṣáláṣí, mo máa dọ̀bálẹ̀, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ẹni tí wọ́n bá ti ń kí láti ìgbà tó ti dé ìlú, tí wọn ò wá kí mọ́, òun nìkan ló mọ bó ṣe ń dun òun. Mo jẹ̀bi, mi ò ní ẹjọ́ láti rò.

Ọ̀gá ò lé mi. Ohun tí wọ́n ṣe le ju kí wọ́n lé mi lọ. Láràárọ̀, kí a tó ṣílẹ̀kùn, wọ́n á jáde síta, wọ́n á dé fìlà, wọ́n á gbé ọ̀pá lọ́wọ́, wọ́n á wá tún wọlé bí oníbàárà.

"Lásísì ọmọ mi, èmi ni mo sọ ẹ́ lórúkọ. Bá mi kun táńkì yìí."

Màá dọ̀bálẹ̀, màá sì ti ilẹ̀ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé kò ṣe é gbé rìn.

"Mi ò gbọ́! Ilẹ̀ lò ń sọ ọ́ fún ni? Kí mi tán ná. Dìde. Nàró. Wo ojú mi, kó o wá sọ ọ́."

Lọ́jọ́ kìíní, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni "kò burú, sà." Àwọn mẹ́ta yòókù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Oṣù mẹ́fà la fi ṣe é. Wọ́n ṣe bàbá ìyàwó, wọ́n ṣe lẹ́mọ́ọ̀mù, lọ́jọ́ kan wọ́n tiẹ̀ so aṣọ mọ́rí, wọ́n ṣe ìyá mi. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n máa ń fi parí rẹ̀: "Dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, dìde dúró fún iṣẹ́." Tí ẹ bá kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ èyíkéyìí, ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ́ ìyẹn mọ́ ọn.

Kí àwọn ọdún 1990 tó parí, irinṣẹ́ ti ń yí padà. Ẹ̀rọ kan dé tó ń gbóòórùn gáàsì, á máa ké pí-pí-pí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi aago gáàsì sínú àwọn ọkọ̀-ilé, mo sì fẹ́ràn aago yẹn gan-an, torí pé kò jẹ irú rí. Ẹ̀rọ mìíràn dé tó ń wọn bí irin ṣe nípọn tó, ẹ gbé e lé táńkì, á kọ nọ́ńbà sójú ara rẹ̀. Mo kọ́ gbogbo wọn, mo sì mọ̀ wọ́n lò ju àwọn ọmọ tó jáde níléèwé lọ. Omi ọṣẹ mi ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣá. Páànù àfọ́kù irin tún ti di tèmi báyìí, àfọ́kù táńkì Bàbá Katy sì wà nínú rẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ ló ti fi èékánná kàn án.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Lọ́dún kẹta lẹ́yìn iná, Bàbá Katy wa ọkọ̀-ilé mìíràn wọ ṣọ́ọ̀bù, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, àlòkù lòun náà. Alhaja jókòó síwájú, wọ́n ń wo ibòmíràn. Ọ̀gá Tìámíyù wà lórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà, torí ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n nígbà yẹn. Mo kí Bàbá, mo kí Alhaja. Bàbá nìkan ló dáhùn.

"Sádíà ti bímọ ní Dallas, Lásísì. Ìsọmọlórúkọ ni Sunday. Bá mi wo táńkì yìí, ṣó ṣe é gbé rìn?"

Mo gbé ẹ̀rọ tó ń wọn irin lé e. Nọ́ńbà tó kọ dára, Bàbá Katy rí i, ojú wọn tàn, àwọn ẹnjiníà fẹ́ràn nọ́ńbà. Mo tú bẹ́líìtì kìíní, èékánná mi kọjá geere. Mo tú ìkejì. Ó há.

Mo jáde lábẹ́ ọkọ̀, mo nu ọwọ́ mi. Ọ̀gá gbé ọ̀pá wọn sórí orúnkún. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Katy, mo dìde, mo nàró, mo wo ojú wọn.

"Kò ṣe é gbé rìn, sà."

"Ẹ̀rọ ẹ ní ó dára. Sunday ni ìsọmọlórúkọ, Lásísì."

"Mo gbọ́, sà, mo bá yín yọ̀. Ibi tí bẹ́líìtì bò ni ẹ̀rọ ò dé. Kò ṣe é gbé rìn."

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Alhaja sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ká aṣọ wọn sókè díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì náà.

"Ibo ni?"

Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n na àtàǹpàkò wọn, wọ́n fi èékánná tí wọ́n lé làálì sí wọ́ ọ jẹ́jẹ́ lórí irin náà. Ó há. Wọ́n fi ọwọ́ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá dìde, wọ́n sì fi ìborùn wọn nu ìka.

"Bàbá, ẹ pe Sádíà," ni wọ́n sọ fún ọkọ wọn. "Ẹ ní mọ́tò kékeré la máa gbé wá."

Wọ́n yíjú sí mi. Láti ọdún mẹ́ta, mi ò tíì rí ojú yẹn tààrà.

"Lásísì," ni wọ́n wí, "o kú iṣẹ́."

Mo tún dọ̀bálẹ̀ nínú eruku ṣọ́ọ̀bù náà, mo sì pẹ́ nílẹ̀ kí n tó dìde.